Má Tíì Ra Ìrókò: Ìdáhùn fún Ẹni Tí Àga Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Rẹ̀ Ṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Yíya àwòrán ilé ni mo kọ́, ṣùgbọ́n àga àti iná ló wà lọ́kàn mi. Mo ya àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, aṣọ òkè tí a fà le ni mo fi ṣe ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Mo tún ya fìtílà tí a fi akèrègbè ṣe, a lu ihò sí i lára kí iná lè ya òdòdó sára ògiri. Mo ra pákó ìrókò, mo gbé e fún kápẹ́ńtà àdúgbò wa. Ọjọ́ tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga náà ni ẹsẹ̀ kan ṣẹ́, aṣọ òkè sì ti ń rọ̀ kó tó dìgbà náà. Fìtílà ní tirẹ̀ ń rùn bí ohun tó fẹ́ jóná, kò sì ya òdòdó kankan, ògiri kàn mọ́lẹ̀ ràkọ̀ràkọ̀ ni. Kápẹ́ńtà ní òun ti sọ fún mi pé wọn kì í ṣe àga báyẹn. Ṣé kí n ra ìrókò tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, àbí kí n fi í sílẹ̀? Ṣé kò sì léwu tí mo bá ń gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì ra ìrókò kankan, má sì fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yẹn kò sọ pé èrò rẹ kò dáa. Ìbéèrè mẹ́rin lo kó lé àga kan ṣoṣo lórí lẹ́ẹ̀kan náà: ṣé ẹsẹ̀ mẹ́ta á dúró, ṣé igi tó tẹ̀ báyẹn á gbé ènìyàn, ṣé ó máa tu ara, ṣé aṣọ òkè ò ní fà. Nígbà tó wá ṣẹ́, o ò rí ìdáhùn tó dájú sí ìkankan. Àwọn tó ń ṣe àga tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe rí kì í ti orí àga bẹ̀rẹ̀. Nǹkan jákujàku ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe, èyí tí kò wu ojú rárá, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dáhùn ìbéèrè kan lọ. Tó bá ti dáhùn, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ṣe òmíràn fún ìbéèrè tó kàn. Àdánwò ni màá máa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìdáhùn yìí. Ìrókò kì í ṣe igi àdánwò. Ó wọ́n jù, ọwọ́ rẹ á sì máa gbọ̀n láti tún un gé.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ẹsẹ̀ mẹ́ta. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, òótọ́ sì ni: ohun tó bá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta kì í mì lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ìkòkò kì í na ọwọ́ mú fóònù nílẹ̀, kì í yí padà kí ẹni tó wà lẹ́yìn. Ènìyàn ń ṣe gbogbo rẹ̀. Fa ìlà lórí ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì títí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi pàdé. Níwọ̀n ìgbà tí ìwúwo ẹni tó jókòó bá wà láàárín ìlà yẹn, àga dúró. Tó bá ti kọjá ìlà, ó ń lọ nìyẹn. Ní 1939, Frank Lloyd Wright, ayàwòrán ilé ará Amẹ́ríkà, ṣe àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Johnson Wax ní Racine, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa, àga náà lè dà á nù. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Síbẹ̀, ní 1952, Arne Jacobsen ará Denmark ṣe àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Èèrà ní èdè wọn, ó sì di àga olókìkí káàkiri ayé. Nítorí náà, ẹsẹ̀ mẹ́ta kò ní èèwọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá balẹ̀ sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Bí o ṣe máa mọ ibẹ̀ rèé. Wá àjákù pákó kan tó fẹ̀ tó ogójì sẹ̀ǹtímítà níbùú àti lóòró. Kan ẹsẹ̀ mẹ́ta tó gún régé sí i, pákó yòówù, kí ìjókòó ga tó 43 sí 45 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni orúnkún àgbàlagbà púpọ̀ ti máa ń tẹ̀ dáadáa. Fi síkúrúù dè é, má fi gúlúù, kí o lè tú u. Jókòó. Ní kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn rẹ. Tẹ̀ sí ọ̀tún bí ẹni fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, tẹ̀ sí òsì, fi ẹ̀yìn tì. Níbi tó bá ti fẹ́ dà ọ́, tú ẹsẹ̀ yẹn, sún un síta díẹ̀, tún jókòó. Nígbà tí kò bá dà ọ́ nù mọ́, wọn ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, kọ ọ́ sára pákó náà gan-an pẹ̀lú ọjọ́ tí o ṣe é. O ti rí ìdáhùn kan, kò sì ná ọ ní ju àjákù pákó lọ.

Ó wá kan ẹsẹ̀ tó ṣẹ́. Mi ò rí i lójú, ṣùgbọ́n bó o ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ó dà bíi pé kápẹ́ńtà ya àwòrán ẹsẹ̀ náà sórí pákó gbọọrọ, ó sì fi ayùn gé e jáde bó ṣe tẹ̀. Iṣan igi máa ń lọ tààrà láti ìsàlẹ̀ dókè bí òwú tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Níbi tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀, ayùn á gba ìbú gé àwọn iṣan yẹn, èyí tó kù níbẹ̀ lè má gùn ju ìka méjì lọ. Gúlúù tí igi fúnra rẹ̀ ní láàárín iṣan kan sí èkejì nìkan ló wá ń gbé ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Gbé ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yẹn, wo ojú rẹ̀ dáadáa. Tó bá dán, tó dagun, tó dà bí ibi tí igi ti là fúnra rẹ̀, ohun tí mo sọ yìí ló ṣẹlẹ̀. Tó bá rí wọ́nyanwọ̀nyan, tí ẹ̀ún gígùn yọ síta, iṣan kò gé, ẹsẹ̀ náà ló tín-ín-rín jù. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ìrókò tó nípọn máa mú kí àga wúwo sí i ni, ibi tí yóò ti là ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì gbajúmọ̀ láti tẹ igi láì gé iṣan rẹ̀. Èkíní ni ti Michael Thonet, oníṣẹ́ àga ayé àtijọ́ kan ní Yúróòpù, tó fi ooru omi tó ń hó rọ igi, tó sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná. Àga rẹ̀ tó ń jẹ́ No. 14, tó jáde ní 1859, kò ju igi mẹ́fà, síkúrúù mẹ́wàá àti nọ́ọ̀tì méjì lọ, àga mẹ́rìndínlógójì tí wọ́n tú palẹ̀ sì ń wọ inú àpótí kan tó jẹ́ mítà kan ní gbogbo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo igi ló ń gbọ́ràn sí ooru bẹ́ẹ̀, àpótí ooru sì nílò ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ kí o mú: lílẹ igi pẹlẹbẹ pọ̀.

Ní kí wọ́n la igi fún ọ ní ibi ìlagi, kí ó tín-ín-rín tó mìlímítà mẹ́ta. Àfàrà dára fún àdánwò yìí, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó ti ìrókò. Mú èyí tí iṣan rẹ̀ lọ tààrà láti orí dé ìdí. Gé àjákù pláíwúùdù sí bí ẹsẹ̀ náà ṣe tẹ̀, lẹ̀ wọ́n mọ́ra títí yóò fi fẹ̀ tó ẹsẹ̀ tí o fẹ́. Móòdù rẹ nìyẹn. Fi ọ̀rá ike bò ó kí gúlúù má baà mú un. Fi gúlúù funfun pa igi pẹlẹbẹ mẹ́fà sí mẹ́jọ, tò wọ́n lé ara wọn, tẹ̀ wọ́n mọ́ móòdù, kí o sì fi kíláàǹpù há wọn pinpin. Bí kíláàǹpù kò bá tó, rọ́bà inú táyà tí a gé gbọọrọ máa ń dì í dáadáa: fà á le, yí i ká, máa yí i lọ láti àárín sí ìpẹ̀kun. Má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí o bá tú u, ẹsẹ̀ náà máa na ara díẹ̀, kò ní tẹ̀ tó móòdù mọ́. Má bẹ̀rù. Wọn bó ṣe na tó, kí móòdù tó kàn tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Báyìí ni Charles àti Ray Eames, tọkọtaya oníṣẹ́ àga, ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ń gbé ní Los Angeles: ẹ̀rọ tí wọ́n kàn jọ fúnra wọn, tí wọ́n sọ ní Kazam!, ni wọ́n fi ń tẹ igi pẹlẹbẹ, páǹpù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò tó ń tẹ̀ ẹ́. Igi tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó dá ni wọ́n kọ́kọ́ rí ṣe jáde lọ́pọ̀ yanturu, ní 1942. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àga wọn tó dé.

Igi tí o bá rà ní Bódìjà, má gbà pé ó gbẹ nítorí pé ó gbẹ lójú. Gé kékeré lára rẹ̀, gbé e lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun, kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, tún wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì wà nínú rẹ̀, ojú oríkèé tó há pinpin nígbà òjò á là nígbà ọyẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹni tó kọ́ yíya àwòrán ilé fẹ́ràn láti ṣe àga kékeré àfarawé tí a lè gbé lórí tábìlì. Ṣe é, ó dáa fún ojú. Ṣùgbọ́n má gbà á gbọ́ lórí agbára. Tí o bá sọ àga kékeré di ńlá ní ìlọ́po márùn-ún ní gbogbo ọ̀nà, ìwúwo rẹ̀ á di ìlọ́po márùn-dín-láàádóje, ìyẹn 125, nígbà tí ojú igi ẹsẹ̀ rẹ̀ á fẹ̀ ní ìlọ́po 25 péré. Ẹsẹ̀ tó le koko ní kékeré lè jẹ́ ẹsẹ̀ tó máa ṣẹ́ ní ńlá. Fún ìrísí gidi, wá páálí tí fìríìjì wọlé, gé àga náà ní bó ṣe tóbi gan-an, gbé e sínú yàrá ìgbàlejò, jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Wàá rí i bóyá ó ń dí ọ̀nà, bóyá ìfẹ̀yìntì ga jù fún fèrèsé, bóyá ojú rẹ ṣì ń fẹ́ ẹ lẹ́yìn tí ó ti mọ́ ọ lára.

Ti ìtura, ara ènìyàn kan pàtó ni kí o bi. Lani Adeoye, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, gba ẹ̀bùn kìíní ní SaloneSatellite, ìpàtẹ iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya àga, ní Milan ní 2022, pẹ̀lú férémù tí aláìlera máa ń dì mú rìn, èyí tó ṣe nítorí bàbá àgbà rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ara ẹnì kan tó fẹ́ràn ló ń wò kó tó gbé nǹkan jáde fún gbogbo ayé. Ta lo ń ṣe àga tìrẹ fún? Tó bá jẹ́ fún jíjẹun, ìfẹ̀yìntì kò gbọdọ̀ dagun púpọ̀. Tó bá jẹ́ fún sísinmi, ìjókòó á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 38 sẹ̀ǹtímítà, ẹ̀yìn á dagun dáadáa. Àwòrán rẹ kò sọ èyí tó jẹ́, èyí ló sì jẹ́ kó ṣòro fún kápẹ́ńtà láti ràn ọ́ lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó tún jókòó, àpò sìmẹ́ǹtì ni kó kọ́kọ́ jókòó. Àpò kan jẹ́ 50 kílò. Gbé méjì lé ìjókòó, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wo gbogbo oríkèé. Lẹ́yìn ìyẹn, gbé ọ̀kan sókè níwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, jẹ́ kó já lé ìjókòó, tún un ṣe, tún un ṣe, torí ènìyàn kì í rọra jókòó, ńṣe ló máa ń já ara rẹ̀ lulẹ̀. So okùn mọ́ orí ìfẹ̀yìntì, fà á sẹ́yìn bí ẹni tó ń nà. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ló ń tẹ ìjókòó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí wọ́n tó gbà kí àga wọ ilé iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́. Ìwọ kò ní ẹ̀rọ, o ní sìmẹ́ǹtì. Kódà pẹ̀lú ẹ̀rọ, ohun tuntun ń tàn èèyàn: àga Verner Panton, tí wọ́n mọ lódindi láti inú ike láìní ẹsẹ̀ lẹ́yìn, jáde ní 1967 lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti ń gbìyànjú, síbẹ̀ ní 1979 wọ́n dá ṣíṣe rẹ̀ dúró nítorí pé irú ike tí wọ́n ń lò nígbà náà máa ń dá.

Aṣọ òkè. Mo fẹ́ràn èrò yìí gan-an, mi ò fẹ́ kí o yọ ọ́. Òwú máa ń fà bí ìwúwo bá pẹ́ lórí rẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe hun ún tó. Gé ìlà kan gígùn, so ó kọ́, so ìwúwo mọ́ ọn nísàlẹ̀, sàmì sí ògiri níbi tí ìdí rẹ̀ dé, padà wá wò ó lọ́la àti lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo lè sọ tẹ́lẹ̀ pé àmì náà á wálẹ̀. Nítorí náà, jẹ́ kí okùn pẹlẹbẹ tí àwọn oníṣẹ́ àga fi ń hun abẹ́ ìjókòó gbé ìwúwo, kí aṣọ òkè wà lórí rẹ̀ kó máa gbé ẹwà. Tàbí kí o fi igi kan há aṣọ náà lẹ́yìn tí a lè máa yí, kí ẹni tó ni ín lè fà á le padà nígbàkígbà. Ọ̀nà kejì yìí wù mí jù, torí ó lè di ohun tí àga rẹ máa fi yàtọ̀.

Fìtílà. Yọ gílóòbù yẹn lónìí. Tó bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ní waya pupa nínú, ooru ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ ń dà, akèrègbè gbígbẹ kò sì jìnnà sí ìdáná. LED wáàtì márùn-ún sí méje ti tó. LED náà ní ooru tirẹ̀ ní ìdí, nítorí náà lu ihò sísàlẹ̀ àti sókè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kó sì jáde, má sì jẹ́ kí gílóòbù fara kan ara akèrègbè. Waya tó wọlé, ta á ní kókó nínú, kí ẹni tó bá fà á níta má baà yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ibi tí wọ́n dè é sí. Jẹ́ kí oníṣẹ́ iná yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ ilé ẹlòmíràn. Àdánwò ò sí nínú ìyẹn.

Òdòdó tí kò hàn, kì í ṣe ihò rẹ ló fà á. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá ló tóbi jù. Tí gílóòbù bá funfun lára, gbogbo ara rẹ̀ ló ń tàn, ihò kọ̀ọ̀kan á gba ìmọ́lẹ̀ láti ọ̀nà púpọ̀, òjìji á sì dà rú mọ́ ara wọn. Ohun tó ń tàn ní ojú kékeré kan ló ń ya òjìji tó mú. Èyí ni fóònù ṣe máa ń tan àwọn oníṣẹ́: wọ́n á ti tọ́ọ̀ṣì fóònù bọ inú páálí tí wọ́n lu, òdòdó á yọ kedere sára ògiri, inú wọn á dùn, wọ́n á wá fi gílóòbù funfun sínú akèrègbè gidi, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Gílóòbù tí o máa tà pẹ̀lú fìtílà ni kí o fi dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Wá LED tó mọ́ gaara, tí ibi tó ń tàn nínú rẹ̀ kéré, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2700K, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n díẹ̀ bí ti àbẹ́là, torí 6500K tó funfun báláú tó pọ̀ lọ́jà máa ń sọ yàrá di ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà, jókòó níbi tí àwọn èèyàn máa jókòó sí. Bí o bá rí gílóòbù fúnra rẹ̀ látinú ihò kankan, ojú á máa ta wọ́n. Poul Henningsen, tó ń ya fìtílà ní Denmark, bá ọ̀rọ̀ yìí jà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó ń to ìbòrí lé ìbòrí kí ojú má baà kan gílóòbù tààrà.

Kápẹ́ńtà rẹ kò ṣe ibi. Iṣẹ́ tó mọ̀ ló fi wọn tìrẹ, owó tí o sì san jẹ́ owó àga, kì í ṣe owó àdánwò. Ẹni tí a bá san owó àga fún, ó fẹ́ parí kó lọ. Nígbà tó bá tún kàn, san owó ọjọ́ fún un, gbé móòdù àti pákó jákujàku yẹn dání dípò ìwé àwòrán, kí o sì bi í léèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ jù. Nifemi Marcus-Bello nílùú Èkó kò wá ilé iṣẹ́ àga fún àpótí ìjókòó rẹ̀ tó ń jẹ́ LM Stool. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ irin pẹlẹbẹ fún ìbòrí jẹnẹrétọ̀ ló lọ bá, ó sì ya àpótí náà sí bí ẹ̀rọ wọn ṣe lè tẹ irin. Isamu Noguchi, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, náà, nígbà tó dé Gifu ní Japan ní 1951, àwọn tó ti ń fi ọparun àti bébà ṣe fìtílà láti ìran dé ìran ló bá, ọwọ́ wọn ló sì fi ṣe ìrísí tuntun. Ìwọ ń gbé Ìbàdàn. Àwọn tó ń fín igbá wà ní Ọ̀yọ́, àwọn ahunṣọ wà ní Ìṣẹ́yìn, kò jìnnà. Lọ bá ẹni tó ń fín igbá kí o tó lu ihò mìíràn, yóò fi igbá tó nípọn dọ́gba hàn ọ́ àti èyí tí kòkòrò ti wọ̀.

Ti Instagram: fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un. Enzo Mari ní Italy fi àwòrán àga àti tábìlì tí a lè fi pákó lásán àti ìṣó kàn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ní 1974, nítorí ó fẹ́ kí wọ́n máa ṣe é. Bí ìwọ bá fẹ́ kó jẹ́ tìrẹ, òfin Nàìjíríà gbà ọ́ láàyè láti forúkọ ìrísí rẹ̀ sílẹ̀ ní Àbújá, ọdún márùn-ún ni, a sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, márùn-ún márùn-ún. Ṣùgbọ́n ohun tuntun ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí gbogbo ayé ti rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè má jẹ́ tuntun mọ́ lójú òfin. Gbé ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ síta, gbé móòdù àti rọ́bà táyà síta, àwọn ènìyàn máa kọ́ nǹkan níbẹ̀. Fọ́tò odindi àga, àti ti fìtílà pẹ̀lú òdòdó rẹ̀ lára ògiri, kí ó dúró títí ìwé rẹ á fi wọlé.